Objective: òótọ́ ni, àmọ́ ṣé òun ni wọ́n bi ẹ́?

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń múra JAMB, ẹ jẹ́ n bá yín sọ ti objective díẹ̀, ìyẹn ìbéèrè tí wọ́n ti to ìdáhùn A dé D sí kẹ́ ẹ mú ọ̀kan, pàápàá Use of English àti Government. Ọ̀pọ̀ yín rò pé nínú A dé D, ọ̀kan lòótọ́, mẹ́ta nirọ́. Rárá o. Òótọ́ gan-an làwọn tó ń ṣe ìbéèrè yẹn fi ń dẹ pàkúté.

Ẹ wo irú eléyìí: kí ni Clifford Constitution (òfin ìjọba tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún wa) ti 1922 mú wọ Nàìjíríà? A, federalism. B, elective principle (fífi ìbò yan aṣojú). C, ilé aṣòfin ẹkùn. D, House of Chiefs. Gbogbo ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa lóòótọ́, ẹni tó kàn sáré ka nóòtù á rí ọ̀rọ̀ tó mọ̀ níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, orí ẹ̀ á dàrú. Èmi kì í kọ́kọ́ wá èyí tó tọ́, àwọn tí ò yẹ ni mo máa ń lé kúrò, mo sì gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí tí mo fi lé e. Federalism, ti Lyttelton Constitution ni, 1954. Ilé aṣòfin ẹkùn, Richards Constitution, 1946. House of Chiefs, Richards yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ fún Òkè Ọya, kí Macpherson Constitution tó wá fún Ìwọ̀-Oòrùn tiwa ní 1951. Ó ku B, òun náà ló sì jẹ́ kí Herbert Macaulay dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923, Èkó àti Calabar nìkan ni wọ́n ti ń dìbò ọ̀hún nígbà yẹn. Ṣẹ́ ẹ rí i, ẹni tó ń há past question sórí pé "nọ́ńbà 12, C" ò rí nǹkan kan mú níbẹ̀, torí wọ́n lè fi Lyttelton rọ́pò Clifford lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n fi options yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà.

English náà ò yàtọ̀. Wọ́n á ní kó o mú opposite in meaning fún "frugal", wọ́n á gbé "thrifty" tí ìtumọ̀ ẹ̀ bá a dọ́gba sí A, inú ẹ á dùn pé o mọ̀ ọ́n, o ti kó sí i nìyẹn, "extravagant" ni wọ́n ń wá. Comprehension ńkọ́? Ohun tó o gbọ́ nínú níúùsì lè jẹ́ òótọ́, tí ò bá ti sí nínú passage, gbàgbé ẹ̀.

Èyí tó máa ń dààmú èèyàn jù ni emphatic stress, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ti là á fún wa. "My FATHER bought the car": ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ gàdàgbà ni wọ́n tẹnu mọ́, fi "ni" sí i lára, Bàbá mi ló ra mọ́tò náà. Ta ni wàá fún nírú èsì yẹn? Ẹni tó rò pé ẹlòmíì ló rà á ni, torí náà "Did your uncle buy the car?" Tó bá jẹ́ CAR ni wọ́n kọ gàdàgbà, ó di Mọ́tò ni bàbá mi rà, ẹni tó rò pé ilé ni lò ń dá lóhùn.

Ìbéèrè 180, wákàtí 2, ìṣẹ́jú àáyá 40 péré ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má bá èyí tó le jà. Ẹ lé méjì tẹ́ ẹ bá lè lé, kẹ́ ẹ mú ọ̀kan nínú èyí tó kù, wọn kì í yọ máàkì torí pé ẹ gbà á sódì. Tẹ́ ẹ bá débi tó parí, ẹ tẹ P lórí kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ fi padà sẹ́yìn lọ wo àwọn tí ọkàn yín ò balẹ̀ sí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì fọwọ́ kan S, òun ni wọ́n fi ń submit.