Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa kíka èrò aráyé lórí Amẹ́ríkà àti Ṣáínà

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ ìwádìí èrò ará ìlú ní Àkúrẹ́, Oǹdó àti Àkùngbá, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni pé: ta ni aráyé fẹ́ràn jù báyìí, Amẹ́ríkà àbí Ṣáínà? Ẹ má dáhùn títí ẹ ó fi mọ ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn èèyàn gan-an. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́.

Pew, ilé iṣẹ́ ìwádìí èrò kan ní Amẹ́ríkà, máa ń béèrè bóyá ojú rere ni èèyàn fi ń wo orílẹ̀-èdè kan. Gallup, tí òun náà jẹ́ ilé iṣẹ́ ìwádìí èrò ní Amẹ́ríkà, ní tirẹ̀ ń béèrè bóyá èèyàn fọwọ́ sí ìṣe àwọn tó ń darí ibẹ̀. Afrobarometer, tó ti ń ṣe ìwádìí èrò ará ìlú nílẹ̀ Áfíríkà láti 1999, ń béèrè bóyá ipa tí Ṣáínà tàbí Amẹ́ríkà ń kó nínú ọrọ̀ ajé àti òṣèlú orílẹ̀-èdè tiwa dára. Lẹ́yìn náà ó tún béèrè orílẹ̀-èdè tó yẹ ká fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ẹ wo bí ìdáhùn ṣe yàtọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn kan náà. Ní orílẹ̀-èdè 34, láàárín 2019 sí 2021, ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún sọ pé ipa Ṣáínà dára, 60 sọ bẹ́ẹ̀ fún Amẹ́ríkà. Nígbà tó kan àwòkọ́ṣe, Amẹ́ríkà gba 33, Ṣáínà 22. Akọ̀ròyìn tó mú tàkọ́kọ́ nìkan á kọ pé Ṣáínà ti borí, ẹni tó mú èkejì á kọ òdìkejì rẹ̀. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa, àmọ́ òǹkàwé ti ṣìnà.

Èrò kì í ṣàdédé yí. Ní Indonéṣíà, ìdá 61 ló fi ojú rere wo Amẹ́ríkà nínú ìwádìí Pew ní 2002. Ogun Ìráàkì bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta 2003, ó já sí 15. Òkun ya wọ Aceh, ẹkùn kan ní Indonéṣíà, lóṣù Kejìlá 2004, àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kó oúnjẹ àti oògùn lọ, ó sì gòkè padà dé 38 ní 2005. Ní Jámánì, 31 ní 2008 di 64 ní 2009, lẹ́yìn tí Obama gorí àlééfà. Ní Mẹ́síkò, 61 ní 2024 di 29 ní 2025, tí Kánádà náà sì wálẹ̀ láti 54 sí 34, lásìkò tí Trump ń bu owó orí lé ọjà wọn. Ní 2025 yẹn kan náà, ó ju ìdá 70 lọ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó fi ojú rere wo Amẹ́ríkà. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ "aráyé ti kẹ̀yìn sí Amẹ́ríkà", ẹ béèrè pé aráyé ti ibo.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí Pew máa ń gbé jáde fún gbogbo àgbáyé kì í ṣe ìpín dọ́gba. Bí orílẹ̀-èdè bá jẹ́ 25, wọ́n á tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó ga jù, wọ́n á sì mú ti ìkẹtàlá. Bí wọ́n bá yọ orílẹ̀-èdè mẹ́ta, tí wọ́n fi mẹ́ta mìíràn rọ́pò lọ́dún tó tẹ̀lé e, nọ́ńbà àárín yẹn lè yí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí èrò padà. Àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú ọdún méjèèjì nìkan ni kí ẹ fi wéra.

Ìṣirò kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ há sórí. Ẹ wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi í ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, yóò fún yín ní iye èèyàn tí wọ́n bi. Gbòǹgbò ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi pín 98. Èèyàn 1,600 jẹ́ 40 lọ́nà 40, 98 pín sí 40 jẹ́ nǹkan bí 2.5. Ìyẹn ni pé ìdáhùn lè fi 2.5 lọ sókè tàbí sódò. Èèyàn 400 á fún yín ní nǹkan bí 5. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọdún méjì wéra, ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po 1.4. Ní 2023, Gallup rí ìdá 58 fún Ṣáínà àti 56 fún Amẹ́ríkà nílẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀mì ni èmi máa ń pe irú ìyẹn.

Ẹ wá fi ṣírò Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nínú ìkànìyàn 2006, a jẹ́ nǹkan bí 3.46 mílíọ̀nù nínú 140 mílíọ̀nù, ìyẹn ìdá méjì ààbọ̀. Nínú 1,600 tí wọ́n bi ní Nàìjíríà, nǹkan bí 40 ló máa kàn wá: àdúgbò márùn-ún, èèyàn mẹ́jọ mẹ́jọ. 98 pín sí gbòǹgbò 40 ju 15 lọ! Ẹni tó bá wá sọ lórí rédíò pé "àwọn ará Oǹdó fẹ́ Ṣáínà ju Amẹ́ríkà lọ" látinú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Nítorí pé àwọn mẹ́jọ yẹn jọ ń gbé àdúgbò kan, tí ìrònú wọn sì sábà jọra, àṣìṣe gidi tún ga ju ìyẹn lọ.

Iṣẹ́ pápá, ìyẹn lílọ bá àwọn èèyàn láti bi wọ́n, ló wá ṣòro jù. Ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́, ọjà tí kì í pẹ́ bàjẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń pè ní "Ṣáínà". Bí olùbéèrè bá gé ìbéèrè kúrú sí "ṣé ẹ fẹ́ràn Ṣáínà?", fóònù àti irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa dáhùn lé lórí. Ẹ ka gbogbo gbólóhùn bó ṣe wà nínú ìwé. Kí ẹnì kan túmọ̀ ìbéèrè sí Yorùbá, kí ẹlòmíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ tó wo ibi tó ti yẹ̀. Kí ìdajì àwọn èèyàn kọ́kọ́ gbọ́ Amẹ́ríkà, kí ìdajì yòókù kọ́kọ́ gbọ́ Ṣáínà, torí ẹni tí a kọ́kọ́ dárúkọ ni ẹlòmíràn máa ń fi díwọ̀n ìkejì.

Àwa Yorùbá kì í fẹ́ já àlejò kulẹ̀. Bí àwọn tí ẹ ń bi bá rò pé Òyìnbó ló rán yín, wọ́n á yin Òyìnbó. Ẹ má wọ ẹ̀wù tàbí fìlà tó ní àsíá ilẹ̀ òkèèrè. Ní ìparí, ẹ béèrè pé: "Ta lẹ rò pé ó rán wa wá?" Ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, ẹ sì kọ ọ́ bóyá ẹlòmíràn jókòó ti ẹni tó ń dáhùn.

Bí ilé kan bá ti ẹnubodè ní Ìjàpọ̀, ẹ padà lọ kí ẹ tó fi òmíràn rọ́pò. Àgbẹ̀ kòkó ní Ìdànrè kì í sí nílé lọ́sàn-án, pàápàá láti oṣù kẹwàá sí ìkejìlá. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ. Bí Ayétòrò, ìlú etí òkun ní Ìlàjẹ, bá bọ́ sínú àyẹ̀wò yín, ẹ wọkọ̀ ojú omi. Ẹ má fi Ìgbọ́kọ̀dá rọ́pò rẹ̀ torí mọ́tò dé ibẹ̀. Tí ọkùnrin bá dáhùn nílé kan, obìnrin ló kàn nílé tó tẹ̀lé e, kì í sì í ṣe baálé ni yóò yàn án fún yín. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó ti pé ọdún 18, kí ẹ sì ṣẹ́ kèké.

"Mi ò mọ̀" jẹ́ ìdáhùn. Ẹ má fi "ẹ ṣáà sọ ọ̀kan" fipá gba èrò lẹ́nu ìyá àgbà tí kò ní èrò kankan nípa Ṣáínà. Ká sọ pé nínú 100, 40 ní ó dára, 30 ní kò dára, 30 kò mọ̀. Bí ẹni tó ń kọ ìròyìn bá yọ àwọn tí kò mọ̀ kúrò, 40 yẹn di 57, ìyẹn sì ti di "ọ̀pọ̀ jù lọ" nínú ìwé ìròyìn. Ẹ kọ 40, 30 àti 30 sínú tábìlì yín, kí àwọn tí kò mọ̀ ní ìlà tiwọn.