Ọkọ̀ Bàbá Mi Dé Gwarinpa

Aago mẹ́fà àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni bọ́ọ̀sì wa kúrò ní Ìbàdàn. Ìwé ojú-ewé mẹ́sàn-án wà nínú àpò tí mo gbé lé itan, mi ò jẹ́ kí wọ́n kó o sí búùtù. Ìtàn kúkúrú tí mo kọ ni. Àwọn kan fẹ́ kà á fún èrò ní Abuja, wọ́n ní kí n wá gbọ́. Kí n wá gbọ́ o, wọn ò ní kí n wá kà á. Òṣèré tíátà ni yóò kà á.

Ẹ̀gbọ́n tó pè mí, òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Ó gbé New York fún ọdún díẹ̀ kó tó padà wálé, ibẹ̀ ló ti kó àrùn yìí. Gbọ̀ngàn kan wà ní Broadway tí wọ́n ń pè ní Symphony Space. Láti 1985 ni wọ́n ti ń ṣe ètò kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Selected Shorts. Òṣèré tí gbogbo ayé ti rí nínú fíìmù á gbé ìwé dání, á ka ìtàn ẹlòmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èrò á sanwó wọlé torí ẹ̀, rédíò á sì tún gbé e. Ẹ̀gbọ́n ní ti London tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Liars' League ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ tó ń ṣe é níbẹ̀ láti 2007. Òǹkọ̀wé kì í ka tirẹ̀, òṣèré ló ń kà á.

Inú bí mi díẹ̀. Ta ló máa mọ ìtàn mi kà ju èmi tí mo kọ ọ́? Mo rán ẹ̀gbọ́n létí pé Charles Dickens fúnra ẹ̀ rìn dé Amẹ́ríkà ní 1867 lọ ka ìwé tirẹ̀ fún èrò. Ẹ̀gbọ́n ní, "Dickens mọ eré ṣe. Ìwọ ńkọ́?" Mo dákẹ́.

Ìrìn náà gùn. Ifẹ̀, Iléṣà, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀: oorun ló gbé mi kọjá púpọ̀ nínú wọn. Ní Kàbà, a sọ̀ kalẹ̀ jẹun. Ìyá oníyán kí mi ní "Ọ̀kun o", mo dá a lóhùn ní "Ẹ kú iṣẹ́, mà", ó rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ̀ pé ará ọ̀nà jíjìn ni mí. Láti Ọbájánà lọ, tírélà símẹ́ńtì ló ni ọ̀nà, àwa kàn ń tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn ni. Nígbà tí a fi máa gun afárá Jámátà lórí Odò Ọya, ọyẹ́ ti bo omi débi pé mi ò rí nǹkan kan àfi ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo. Ilẹ̀ ti ṣú pátápátá kí a tó dé Gwagwalada.

Gwarinpa, ní Abuja, ni ilé ẹ̀gbọ́n wà. Ohùn ọkùnrin kan tó ń ka Hausa ló jí mi láàárọ̀, kò sáré, kò sinmi. Rédíò maigadi ni. Ẹ̀gbọ́n ní ìwé ìtàn ìfẹ́ ni wọ́n ń kà yẹn, pé ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn rédíò Kano ti ń ka irú ẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Mi ò gbọ́ ju "sannu" àti "na gode" lọ nínú Hausa, ṣùgbọ́n mo rí maigadi tó gbé búrẹ́dì dání tí kò jẹ ẹ́, tó ń dúró de ohun tí ọkùnrin inú rédíò fẹ́ sọ.

Lọ́sàn-án ni a ṣe ìfidánrawò. Màmá tó máa ka tèmi, ọmọ Kàbà ni. Láti kékeré ni mo ti ń rí wọn nínú fíìmù. Ìyá ọkọ búburú ni wọ́n sábà máa ń fi wọ́n ṣe. Nílé, ohùn wọn kéré, wọ́n sì ń mu omi gbígbóná ṣáá, wọ́n ní ọyẹ́ Abuja kì í jẹ́ kí ọ̀fun òṣèré sinmi. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo fún wọn ní ojú-ewé mẹ́sàn-án mi. Wọ́n wọ gíláàsì, wọ́n ka gbólóhùn àkọ́kọ́:

"Oko bàbá mi dákú láàárọ̀ ọjọ́ náà."

Wọ́n dúró. Wọ́n wò mí lókè gíláàsì. "Ọmọ mi, oko ni àbí ọkọ́? Oko kì í dákú."

Mo ní, "Ọkọ̀ ni, mà."

Òṣèrékùnrin kan tó jókòó lójú fèrèsé bá tún gbólóhùn náà kà lọ́nà kẹta. Ẹ̀yin náà mọ èyí tí mò ń sọ, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi jáde nínú yàrá. Bàbá mi tó ti di olóògbé, tó wa ọkọ̀ akérò fún ọdún mọ́kànlélógún, ẹ wo ohun tí mo sọ ọ́ dà ní Gwarinpa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju èyí lọ: níbi tí mo ti tẹ ìwé náà ní Ìbàdàn, kọ̀ǹpútà wọn sọ gbogbo lẹ́tà tó ní àmì di àpótí kéékèèké. Ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́ ṣàánú mi, ó pa gbogbo àpótí náà rẹ́, ó fi lẹ́tà gbalasa rọ́pò wọn. Ìgbà mẹ́ta ni mo ka ìwé yẹn nínú bọ́ọ̀sì, mi ò rí i! Èmi tí mo kọ ọ́, ojú mi ń rí àmì tí kò sí níbẹ̀.

Màmá mú pẹ́ńsùlù. Láti aago mẹ́rin títí dìgbà tí ẹ̀gbọ́n gbé súyà dé, iṣẹ́ yẹn la ṣe. Mò ń pè, wọ́n ń fàmì sí i. Níbi tí wọ́n ti fẹ́ mí èémí, wọ́n fa igi tín-ín-rín. Gbogbo "bàbá ní" àti "màmá dáhùn pé" ni wọ́n fagi lé. Wọ́n ní ohùn àwọn yóò sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Wọ́n yọ píìnì tí mo fi so ìwé pọ̀, kó má baà pariwo nínú máíkì tí wọ́n bá ń ṣí i. Wọ́n wá bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí:

"Nígbà tí ọkọ̀ yẹn dákú, níbo ni ìyá ọmọ náà dúró sí?"

Mo ní mi ò mọ̀, pé kò sí nínú ìtàn.

"Ó gbọ́dọ̀ dúró síbì kan. Tí o ò bá mọ̀ ọ́n, báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tí bàbá kọjú sí nígbà tó ń bá a sọ̀rọ̀?"

Mo ronú títí. Mo ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè rí i níbòmíràn mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n kà á, lẹ́yìnkùlé ẹ̀gbọ́n. Ogójì àga rọ́bà, gílóòbù mẹ́ta lórí igi máńgòrò, irin tí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì máa ń gbé ìwé lé. Òṣèrékùnrin ojú fèrèsé ló ṣáájú, pẹ̀lú ìtàn apanilẹ́rìn-ín kan. Ó kọ́kọ́ ní "Ààlọ́ o!", gbogbo wa dáhùn. Obìnrin Hausa méjì tó wà lẹ́yìn náà bá ké tiwọn pé "Ga ta nan, ga ta nan ku!", ẹnìkan láti ìdí ọtí sì dá wọn lóhùn pé "Ta zo mu ji ta." Ìtàn náà fúnra ẹ̀ gùn jù, kí n má purọ́.

Lẹ́yìn náà ni Màmá dìde. Wọn ò ṣe eré kankan. Wọ́n dúró, ọwọ́ kan lórí ìwé. Gbólóhùn kan wà lójú-ewé kejì nípa oòrùn àti irun àgbàdo, tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ. Ó kọjá bí afẹ́fẹ́, ẹnikẹ́ni ò mirí. Ṣùgbọ́n níbi tí mo kọ ọ́ sí pé "Màmá mi ò sọ nǹkan kan", ibi tí mi ò rò lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mò ń kọ ọ́, wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo apá ọ̀tún wọn, ibi tí ilé ìdáná wà, wọ́n sì dákẹ́. Ó pẹ́. Mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Obìnrin kan níwájú mi gbé ọwọ́ lé àyà.

Ìparí ìtàn náà ni alẹ́ tí bàbá dá nìkan wọ inú ọkọ̀. Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ó yí i. Mọ́tò náà kọ̀. Ó tún yí i. Ohùn Màmá ń lọ sílẹ̀ bí bátìrì tó ń kú, títí tó fi ku èémí lásán. Ibẹ̀ ni mo parí ìtàn sí. Èrò pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kí n dìde, mo dìde, mo sì tètè jókòó.

Nígbà tí èrò ń lọ tán, maigadi wá bá mi lẹ́nu géètì. Ibẹ̀ ló dúró sí láti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá. Ó di ọwọ́ mú bí ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì nínú afẹ́fẹ́.

"Oga, motar ta tashi?"

Ẹ̀gbọ́n túmọ̀ ẹ̀ fún mi: ṣé ọkọ̀ náà padà ṣiṣẹ́? Mo ní kó sọ fún un pé mi ò mọ̀, pé bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́. Maigadi wò mí tìyanu-tìyanu, ó pòṣé, ó lọ ń to àga.