Ìwé àkọsílẹ̀ ló jẹ mẹ́mọ́rì wa tán, kì í ṣe ẹrù

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Iléyá ni. Ẹni tó bá gbé Ìjẹ̀bú-Òde rí mọ bí ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe máa ń rí: Ojúde Ọba ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń dá owó aṣọ, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó àgbò, fóònù ò sì sinmi láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Iṣẹ́ tiwa ni láti bá irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tọ́jú àkọsílẹ̀, láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ìpẹ́rù àti Ṣágámù. Àwọn ìwé owó àtijọ́, tí àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ ti fọwọ́ kọ láti ọdún gbọọrọ, la ti ya ní àwòrán tí a kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú fáìlì ńlá kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ Tuesday yẹn, kernel Linux, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ, pa ètò wa láìsọ fún ẹnikẹ́ni. A tún un tàn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó tún pa á.

Ohun tó wà nínú log, ìwé tí ẹ̀rọ ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí, ni pé mẹ́mọ́rì ti tán. Èmi sì ni mo ti fi dá ọ̀gá wa lójú pé mẹ́mọ́rì ò lè tán lórí ẹ̀rọ yẹn láéláé.

Iná ló mú wa ra ẹ̀rọ náà. Tí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ ò tètè dáhùn, gbogbo ohun tó wà nínú RAM lọ nìyẹn. Tó bá padà dé, ètò wa á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó fáìlì láti inú díìsìkì bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn tó ń dúró lórí fóònù á sì máa kùn. Mẹ́mọ́rì tí wọ́n ń pè ní persistent memory, èmi máa ń pè é ní mẹ́mọ́rì aláìgbàgbé. Inú ihò tí RAM ń jókòó sí lòun náà ń jókòó sí, processor sì ń kà á ní tààrà bó ṣe ń ka RAM, ṣùgbọ́n ohun tí a bá ti kọ dé inú rẹ̀ kì í bá iná lọ. (Kọ dé inú rẹ̀ ni mo wí o. Ohun tó ṣì wà nínú cache, àyè kékeré tí processor ń kọ́kọ́ kọ nǹkan sí, kò tíì dé ibẹ̀. Ètò gbọ́dọ̀ tì í jáde kí ó tó lè fọkàn balẹ̀.) Intel tà á lábẹ́ orúkọ Optane, ẹyọ kan jẹ́ 128, 256 tàbí 512 GB. Ọdún 2019 ló jáde fún server, July 2022 ni Intel sì kéde pé àwọn ń pa iṣẹ́ náà tì. Ìgbà náà ni àlòkù rẹ̀ di ohun tí ọwọ́ irú àwa lè tó. A ra server kan tó ní RAM 32 GB àti Optane ẹyọ méjì tó jẹ́ 512 GB lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àbúrò tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo nǹkan. A ò tíì tan ètò kankan o, ẹ̀rọ ti lo bíi 16 GB." Mo wo top, mo wo ps, àwọn àṣẹ tó ń fi ohun tí ètò kọ̀ọ̀kan ń lò hàn, kò sí ètò kan tó ni í. Ìdajì RAM wa ti lọ, kò sì sí olówó rẹ̀.

Kernel ló ni í. Linux máa ń pín mẹ́mọ́rì sí ojú-ìwé, ojú-ìwé kan jẹ́ báìtì 4096. Fún ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní struct page: ta ló ń lò ó, ẹni mélòó ló dì í mú, irú ojú-ìwé wo ni. Lórí x86-64, báìtì 64 ni àkọsílẹ̀ kan. Lórí ẹ̀rọ tó ní RAM díẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ ọ́n lára, torí ìdá kan nínú 64 péré ni. Ṣùgbọ́n 1 TiB, ìyẹn Optane wa méjèèjì pọ̀, jẹ́ ojú-ìwé tó lé ní mílíọ̀nù 268. Ẹ fi 64 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 16 GiB fún àkọsílẹ̀ nìkan, kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹrù kan ṣoṣo síbẹ̀. Ẹrù wà nínú Optane tó gbòòrò, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà nínú RAM tó há.

Ọwọ́ mi ló sì gbé e síbẹ̀. Nígbà tí a bá fẹ́ fi ndctl, irinṣẹ́ tí Linux fi ń ṣètò irú mẹ́mọ́rì yìí, dá namespace (àyè tí a yà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀) sílẹ̀ fún fáìlì, a lè yan ibi tí àkọsílẹ̀ yìí máa wà: --map=dev á gbé e sínú Optane fúnra rẹ̀, --map=mem á gbé e sínú RAM. Dev ni ndctl ń lò bí a kò bá sọ nǹkan kan. Mo ti kà pé Optane fi ìlọ́po méjì sí mẹ́ta lọ́ra ju RAM lọ láti kà, mo sì rò pé ohun tí kernel ń wò lemọ́lemọ́ gbọ́dọ̀ wà níbi tó yá. Òótọ́ ni èrò yẹn fún ẹni tí RAM rẹ̀ pọ̀. N kò ṣírò tiwa kí n tó tẹ àṣẹ náà, ìṣirò náà kò sì ju ìlà méjì lórí ìwé lọ.

Bí ìyẹn bá jẹ́ gbogbo rẹ̀, 16 GB tó kù ì bá tó wa. Èyí tó pa ètò wa lójoojúmọ́ jìnnà sí ìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Ètò wa ní òṣìṣẹ́ 40, ìyẹn process 40 tó ń dáhùn ìbéèrè, gbogbo wọn ló sì ṣí fáìlì 200 GiB kan náà pẹ̀lú mmap, àṣẹ tó ń jẹ́ kí ètò ka fáìlì bí ẹni ń ka mẹ́mọ́rì. Ẹrù kan ṣoṣo ni, kò sí ẹ̀dà kankan. DAX, ọ̀nà tí Linux fi ń jẹ́ kí ètò ka fáìlì ní tààrà nínú Optane, kì í tún un dà sínú page cache, ìyẹn ẹ̀dà fáìlì tí kernel ń tọ́jú sínú RAM. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní page table tirẹ̀, ìyẹn ìwé tó ń tọ́ka sí ibi tí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan wà. Ìlà kan nínú rẹ̀ jẹ́ báìtì 8. Fáìlì 200 GiB jẹ́ ojú-ìwé 52,428,800, nítorí náà tí òṣìṣẹ́ kan bá kárí fáìlì náà tán, ìwé atọ́nà rẹ̀ ti di 400 MiB. Ogójì òṣìṣẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di 16 GiB. Kì í di bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ojú-ìwé tí wọ́n bá fọwọ́ kàn ló ń ní ìlà. Ní oṣù tí iṣẹ́ rọ̀, a lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìrí nǹkan. Ní ọ̀sẹ̀ Iléyá, tí àwọn èèyàn ń béèrè ìwé ọdún gbogbo, wákàtí díẹ̀ ti tó.

Top kò ní fi èyí hàn yín. Lójú top, òṣìṣẹ́ wa kọ̀ọ̀kan tín-ín-rín. Ibi tí ẹ máa wò ni ìlà PageTables nínú /proc/meminfo, àti VmPTE nínú /proc/PID/status fún ètò kọ̀ọ̀kan. Mo lo ọjọ́ méjì gbáko tí mò ń wá ibi tí ètò wa ti ń jò, nígbà tí kò sí ibi kankan tó ń jò.

Àwọn baba wa tó fi owó ẹyọ ṣòwò kò jẹ́ jìyà yìí. Ogójì ẹyọ lórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ẹni tó fẹ́ san ọ̀kẹ́ mẹ́ta kì í tú àpò kí ó máa ka ẹyọ 60,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Processor náà ní okùn àti ọ̀kẹ́ tirẹ̀: 512 ojú-ìwé kékeré jẹ́ 2 MiB, 512 ti ìyẹn jẹ́ 1 GiB, ìlà kan ṣoṣo sì lè tọ́ka sí odidi 2 MiB tàbí odidi 1 GiB. Tí a bá fi 2 MiB tọ́ka sí fáìlì 200 GiB wa, ìlà 102,400 ló máa jẹ́ dípò mílíọ̀nù 52. Ìyẹn jẹ́ 800 KiB fún òṣìṣẹ́ kan, nǹkan bí 31 MiB fún gbogbo ogójì wọn. Iye ìgbà tí kernel ń dá òṣìṣẹ́ dúró láti kọ ìlà tuntun náà yóò fi ìlọ́po 512 dín kù.

Kernel fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí DAX. Kí ló dí i lọ́wọ́ lọ́dọ̀ wa? Fáìlì náà. Bí a ṣe ń ya àwòrán ni a ń fi kún un, lónìí díẹ̀, lọ́la díẹ̀, àwọn fáìlì mìíràn sì ń wọ àárín. Kí 2 MiB tó lè jẹ́ ìlà kan, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà papọ̀ nínú mẹ́mọ́rì láìní àlàfo, kí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sórí ààlà 2 MiB gẹ́lẹ́. Ibi tí èyí kò bá ti rí bẹ́ẹ̀, kernel á padà sí kíka ẹyọ, kò sì ní ké sí ẹnikẹ́ni. Ẹ tan tracepoint (ojú tí a fi ń wo ohun tí kernel ń ṣe) dax_pmd_fault_done tó wà lábẹ́ fs_dax: tí ẹ bá rí NOPAGE, ó dára, ìlà 2 MiB ló lò; FALLBACK, ìyẹn pípadà sí kíka ẹyọ, ló kún tiwa láti òkè dé ilẹ̀.

A kó gbogbo nǹkan sórí díìsìkì mìíràn kọ́kọ́, torí títú namespace palẹ̀ túmọ̀ sí pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ti lọ. (A ṣe ẹ̀dà méjì. Owó olówó ni.) A tún namespace dá pẹ̀lú --map=dev. A fi mkfs.xfs ṣe fáìlìsísítẹ́ẹ̀mù pẹ̀lú su=2m,sw=1, a fi xfs_io sọ fún fódà náà pé extsize rẹ̀ jẹ́ 2m, kí àyè fáìlì lè máa bọ́ sórí ààlà 2 MiB, a sì fi fallocate gba gbogbo àyè fáìlì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí a tó da àkọsílẹ̀ padà sínú rẹ̀. Ext4 náà lè ṣe é, stride=512 lórí block 4096 ni ẹ máa fún un. Aago mẹ́ta òru la parí. NOPAGE ló ń jáde tẹ̀léra-tẹ̀léra.

Ẹni tí kò bá nílò fáìlìsísítẹ́ẹ̀mù, tó kàn fẹ́ odindi mẹ́mọ́rì náà fún ètò kan, kí ó wo devdax, ọ̀nà tí ètò fi ń lo mẹ́mọ́rì náà ní tààrà láìsí fáìlì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ struct page fúnra rẹ̀ ti yí padà. Nínú 2 MiB, struct page 512 gba ojú-ìwé mẹ́jọ, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ jọra wọn délẹ̀. Ní Linux 5.14, lọ́dún 2021, iṣẹ́ Muchun Song ti ilé iṣẹ́ ByteDance wọlé fún HugeTLB, ìyẹn ọ̀nà tí Linux fi ń pín RAM ní ojú-ìwé ńlá: kernel ń tọ́jú ẹ̀dà kan, á sì jẹ́ kí àwọn ìyókù máa tọ́ka sí i. Joao Martins ti Oracle mú irú ọgbọ́n yìí wá sí devdax lẹ́yìn náà. Pẹ̀lú align 2 MiB, ojú-ìwé mẹ́jọ di méjì, 16 GiB di 4 GiB. Pẹ̀lú align 1 GiB, ojú-ìwé 4096 di méjì, àkọsílẹ̀ odindi 1 TiB sì di 8 MiB. Ẹ kíyè sí i pé --map=mem nìkan ni èyí ń bá ṣiṣẹ́. Àṣẹ tó pa mí lára níbi tí fáìlì wà ni àṣẹ tó tọ́ níhìn-ín, nítorí náà ẹ má ṣe gba èyí tó bá ẹ̀rọ tèmi mu bí òfin.

Àwọn ọmọ wa ní Àgọ́-Ìwòyè àti Ìlíṣàn tí wọ́n bi mí bóyá ó tọ́ kí àwọn máa kọ́ nǹkan tí Intel ti pa tì: ó tọ́. Mẹ́mọ́rì CXL, tí wọ́n ń so mọ́ processor lójú ọ̀nà PCIe dípò ihò RAM, ń bá ìṣirò kan náà pàdé. Ẹ kò nílò Optane láti bẹ̀rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tó ní 16 GB, ẹ fi memmap=4G!12G sí àṣẹ tí kernel fi ń tan, /dev/pmem0 á yọjú. RAM lásán ni o, tí iná bá lọ, ohun inú rẹ̀ lọ. Ẹ má kó àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ kankan síbẹ̀. Ẹ ṣe fáìlì 2 GiB méjì lórí ẹ̀rọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan tí ẹ fi kún díẹ̀díẹ̀ láàárín fáìlì mìíràn, ọ̀kan tí ẹ fi fallocate gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣí wọn pẹ̀lú mmap, ẹ ka gbogbo rẹ̀ tán, kí ẹ sì wo VmPTE. Ọ̀kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4 MiB. Èkejì, ìwọ̀nba KiB díẹ̀ ni.

Ní Iléyá tó tẹ̀ lé e, àbúrò mi yìí kọ ìlà PageTables sára pátákó ọ́fíìsì wa láràárọ̀ fún ọjọ́ méje. Nọ́ńbà náà kò kúrò lójú kan.