Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí egbò wíwẹ̀: staph tí oògùn kò ràn mọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílẹ̀ wa níbí, láti Kàbà dé Ìsánlú, ọ̀kún o. Ọ̀rọ̀ staph, ìyẹn kòkòrò àìlèfojúrí tó ń jẹ́ Staphylococcus aureus, ni mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní MRSA, tí oògùn ìdílé penicillin kò ràn mọ́. Nílé ìwòsàn, ọwọ́ àwa òṣìṣẹ́ ló sábà máa ń gbé e láti ara aláìsàn kan dé ara èkejì. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó ronú kan oògùn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé kòkòrò yìí kì í ṣe àlejò. Nínú èèyàn 10, bíi 3 ló ń gbé Staphylococcus aureus kiri nínú ihò imú, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ìgbà tí awọ bá là ló ń rí àyè wọlé: ọgbẹ́ àdá, ibi tí sàléńsà ọ̀kadà ti jó ẹsẹ̀, ojú iṣẹ́ abẹ, ojú abẹ́rẹ́ dírípù tí a gbàgbé sílẹ̀. Ó lè di eéwo lásán, ó sì lè wọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró tàbí egungun, kó sì gbẹ̀mí èèyàn.

Èyí ló mú kó máa dùn mí tí mo bá gbọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn àwọn tó ń polówó àgbo staph lọ́jà. Ọ̀dọ́ á wá bá yín, ìwé àyẹ̀wò á wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé staph hù nínú àtọ̀ tàbí nínú omi ojú ara. Ibà kò mú un, kò sí ọyún, ìtọ̀ kò ta á. Ó ti gba abẹ́rẹ́ títí, ó ti ná owó oko kájú lé e, ẹ̀rù sì ń bà á pé òun ò ní bímọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ staph ara awọ ló kó sínú ike àyẹ̀wò. Ẹ fara balẹ̀, ẹ bi í ní ohun tó ń ṣe é gan-an, ẹ mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà. Gbogbo abẹ́rẹ́ tí kò nídìí yẹn, èyí tó rọ̀ lára kòkòrò ni wọ́n ń pa, wọ́n á wá fi alágídí sílẹ̀ kó máa bí sí i.

Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa tipẹ́. Nígbà tí Alexander Fleming, ẹni tó rí penicillin lọ́dún 1928, gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945, ó ní ọjọ́ lè dé tí ẹnikẹ́ni á lè ra oògùn náà ní ṣọ́ọ̀bù, tí aláìmọ̀ á lò ó kéré ju bó ṣe yẹ. Ṣé kì í ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní kẹ́míìsì wa nìyẹn, níbi tí wọ́n ti ń gé kápúsù Ampiclox ní méjì-méjì tà? Methicillin, oògùn kan ní ìdílé penicillin, jáde ní 1959. Nígbà tó fi máa di 1961, wọ́n ti rí staph tí oògùn náà kò ràn ní Ìlú Ọba. Oògùn ìdílé penicillin a máa dè mọ́ ohun tí kòkòrò fi ń mọ ògiri ara rẹ̀. MRSA ní òmíràn tí oògùn náà kò lè dè mọ́, nítorí náà amoxicillin, cloxacillin, títí dé ceftriaxone, asán ni. Vancomycin ni wọ́n sábà máa ń sá lọ bá tí àìsàn bá le, owó rẹ̀ sì ga.

Bàbá àgbẹ̀ kan wá bá wa, àdá ló ṣá a lójúgun. Wọ́n ti tú ìyẹ̀fun tẹ́tírà (oògùn tetracycline) sínú ọgbẹ́ náà lójoojúmọ́, ó ti gan di èépá yẹ́lò tó le gbagidi. Nígbà tí a fi omi iyọ̀ rọ̀ ọ́, tí èépá náà ṣí, ọyún tú jáde lábẹ́ rẹ̀. A fọ ojú ọgbẹ́ náà mọ́ kí a tó mú díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ fún láàbù, kí ó tó gba oògùn kankan. Nígbà tí èsì dé, R (resistant, ìyẹn ni pé oògùn kò ràn án) ni wọ́n kọ síwájú cefoxitin, oògùn tí láàbù fi ń dá MRSA mọ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ máa wò, torí R níbẹ̀ túmọ̀ sí MRSA. Clindamycin, oògùn mìíràn, ràn án, òun sì ni dókítà kọ fún bàbá. Ṣùgbọ́n wíwẹ̀ egbò náà dáadáa àti títú ọyún yẹn ló kọ́kọ́ tu bàbá lára.

Tí ẹ bá ń fọwọ́, ọṣẹ àti omi, ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60. Ọtí ìpawọ́ (sanitizer), ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30. Tí omi ẹ̀rọ kò bá yọ, ẹ gbé ike omi tó ní ẹnu ẹ̀rọ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ tí ẹ fi tọ́jú aláìsàn kan kí ẹ tó fọwọ́ kan èkejì, kí ẹ sì tún fọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bọ́ ọ. Egbò tó mọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wẹ̀, kí ẹ fi oníọyún kẹ́yìn, kí ẹ sì nu tiróòlì àti stethoscope.

Ẹ sọ fún ará ilé aláìsàn tó ní MRSA pé kí wọ́n bo egbò náà, kí wọ́n má ṣe fún eéwo fúnra wọn, kí tówẹ́ẹ̀lì àti réésà oníkálukú dá wà. Tí wọ́n bá sì ń gbé aláìsàn náà lọ sí Lọ́kọ́ja, ẹ kọ MRSA gàdàgbà sí òkè ìwé rẹ̀, kí ẹ sì pè wọ́n lórí fóònù kí mọ́tò tó gbéra, kí wọ́n lè wá ibùsùn ọ̀tọ̀ sílẹ̀ dè é.