Òtútù Etí Òkun Kò Rí Mi Gbé Lọ: Ẹ Bá Mi Dúpẹ́

Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga! Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èmi ò ní í ṣe ọlọ́ṣà. Mo wá dúpẹ́ ní gbangba lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá mi tí kò jẹ́ kí wọ́n fi pósí gbé mi wálé, àti lọ́wọ́ àwọn èèyàn tó rán sí mi, tí mi ò mọ orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Eré ìje ni mo lọ sá. Máratọ́ọ̀nù tí gbogbo ayé mọ̀ jẹ́ kìlómítà 42 àti díẹ̀. Èyí tó bá ti gùn ju ìyẹn lọ ni wọ́n ń pè ní ultramarathon. Tiwa jẹ́ kìlómítà 50: a ó sá 25 lọ, a ó yí po, a ó sá 25 bọ̀, lórí títì ọlọ́dà tó bá etí òkun lọ, láàárín gbùngbùn ìgbà òtútù. Kì í ṣe eré aláriwo rárá. Kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kò sí òǹwòran, kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ bàtà láti fi ka àkókò. Wọn ò ti títì pa fún wa. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà là ń gbà, a kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ kí a lè tètè rí i. Tábìlì kan wà níbi tí a ti gbéra, òmíràn wà níbi àyípo, omi àti nǹkan dídùn ló wà lórí wọn. Ìyá kan ló jókòó ti tábìlì àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìwé àti bírò, ó ń kọ orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbàgbé ìyá oníwèé yìí o.

Àlọ dùn. Afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn wa, ó ń tì wá lọ. Àmọ́ gbèsè ni afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn létí òkun. Tí èèyàn bá ti yí po, kó múra àtisan án. Orúnkún mi ti òsì ló kọ́kọ́ ráhùn, nítorí títì kì í tẹ́jú. Wọ́n máa ń jẹ́ kó dagun sí ẹ̀gbẹ́ kí omi òjò lè ṣàn kúrò, ẹsẹ̀ tó bá sì wà níbi ìsàlẹ̀ ló ń jìyà. Ìyẹn ò le. Orúnkún kì í pa èèyàn.

Bí a ṣe yí po ni afẹ́fẹ́ kọjú sí wa. Kò pẹ́ ni òjò tó lú mọ́ yìnyín dé, kì í já bọ́ láti òkè, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wá, tòun ti omi iyọ̀ tí ìgbì ń ta sókè. Aṣọ tí mo wọ̀ dára, ìpele lórí ìpele, síbẹ̀ ó rin gbindin. Omi ń gba ooru lára èèyàn ju afẹ́fẹ́ lásán lọ ní ìlọ́po bíi 25. Bí èèyàn bá ṣì ń sáré, ara ń dá iná tirẹ̀. Ọjọ́ tó bá di pé ó ń rìn, iná ń kú lọ nìyẹn. Pajápajá ló sọ tèmi di ìrìn. Ó mú mi ní iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀, ó sì kọ̀ kò tú.

Mo fẹ́ já ọ̀rá nǹkan dídùn tó wà lápò mi. Àtàǹpàkò mi kò lè kan ìka ìfábẹ̀lá mọ́. Mo fi eyín já a, ètè mi ò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá àti ara rẹ̀. Ìgbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀ lára ọ̀rá náà ni mo tó mọ̀ pé mo ti gé ara mi jẹ.

Mo gbọ̀n, mo gbọ̀n, eyín ń lu eyín. Nígbà tó yá, n kò gbọ̀n mọ́. Ẹ̀yin ará mi, ibẹ̀ ni ikú ti ń fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ báni ṣe. Ooru inú ara jẹ́ nǹkan bíi dígírì 37. Tó bá ti lọ sábẹ́ 35, òtútù ti wọlé nìyẹn. Tí gbígbọ̀n bá wá dáwọ́ dúró nígbà tí èèyàn ṣì wà nínú òtútù, ara ti ń juwọ́ sílẹ̀. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ìtura ló jọ. Mo jókòó sórí ògiri kúkúrú tó wà láàárín títì àti òkun, ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mi ò bẹ̀rù ohunkóhun. Ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù tí mo bá rántí báyìí.

Bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló dé bá mi. Ó bi mí ní orúkọ mi. Mo dáhùn, ṣùgbọ́n ahọ́n mi wúwo, ọ̀rọ̀ kò já gaara.

Ó ní, "Dìde, ọmọ mi."

Mo ní, "Ẹ máa lọ, sà. Ẹ̀yin náà ń sáré."

Ó ní, "Eré wo?"

Ó fà mí dìde, ó fà mí sẹ́yìn ilé kékeré kan tí wọ́n ń dúró de bọ́ọ̀sì sí, níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé. Ó bọ́ ẹ̀wù tútù kúrò lọ́rùn mi, ó fi ẹ̀wù gbígbẹ kan ṣoṣo tó wà nínú báàgì rẹ̀ wọ̀ mí, ó wá fi bébà dídán fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn sárésáré máa ń ká sápò wé mi. Fìlà irun àgùntàn orí rẹ̀ náà di tèmi. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ ṣáá, ó ń béèrè ìbéèrè, kò jẹ́ kí n sùn.

Ìyá oníwèé ńkọ́? Ó ti ń ka orúkọ. Ó rí i pé àwọn tó wà lẹ́yìn mi níbi àyípo ti dé, èmi ò dé, bàbá náà ò dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi olúkúlùkù tó ń wọlé pé, "Níbo lẹ ti rí ẹni tó wọ bàtà pupa gbẹ̀yìn?" Ó rán ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tòun ti mọ́tò sọ́nà. Mi ò bú eré ńlá o. Wọ́n ní dókítà, wọ́n ní ọkọ̀ tó ń ṣa àwọn tó bá rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá ti ń sáré, ta ni yóò rántí àwọ̀ bàtà mi? Bí eré wa ṣe kéré ló yọ mí.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti sá tirẹ̀ parí ló gbà mí lọ́wọ́ wọn. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ra mí lápá tàbí lẹ́sẹ̀, àyà àti abíyá ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú móoru, díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan mú ọtí líle wá, nọ́ọ̀sì lé e padà, nítorí ọtí ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ sá wá sí awọ ara, ooru tó kù nínú á sì bá a jáde. Nígbà tó ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àga ń gbọ̀n pẹ̀lú mi. Ẹ̀rù ba àwọn yòókù, nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ara ti ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó fún mi ní tíì gbígbóná tó kún fún ṣúgà. Ilé ìwòsàn yẹ̀ mí wò, wọ́n ní ọkàn mi ń lù dáadáa, wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Ohun kan ṣì ń dùn mí. Bàbá kò parí eré tirẹ̀, nítorí mi. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní ìbọ̀sẹ̀ tútù ló ń bí àwọn nínú, kì í ṣe eré.

Bàbá, ẹ ó jẹ èrè ọmọ. Ìyá oníwèé, orúkọ tiyín náà kò ní í sọnù nínú ìwé ìyè. Nọ́ọ̀sì, ọwọ́ yín kò ní í kan egbò tí kò jinná. Àwọn ará ilé ń bi mí bóyá mo tún máa lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí orúnkún kọ́kọ́ dáhùn ná. Ẹ bá mi ṣe àmín sí àdúrà wọ̀nyí, kó sì rinlẹ̀.