Àwọn ará Huizhou ò ṣèèṣì

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn ẹja rírùn àwọn ará Huizhou ní Ṣáínà ni pé ó bàjẹ́ mọ́ àwọn kan lọ́wọ́, owó rẹ̀ dùn wọ́n, wọn ò lè dà á nù, wọ́n bá sè é, ó sì dùn. Èmi tí mò ń ta ẹja l'ọ́jà Kado, níbí l'Abuja, ọ̀rọ̀ náà ò wọ̀ mí létí.

Oníbàárà mi kan, ọmọ agbègbè Huangshan ní ìpínlẹ̀ Anhui ní Ṣáínà, ló sọ ọ́ fún mi. Ẹja ààyè nìkan ló ń rà. Èyí tí kò bá jà nínú báàfù, kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi rẹ́rìn-ín nígbà tó ní, "Màmá, ní ìlú wa, ẹja tó ń rùn la fi ń ṣe àlejò." Chòu guìyú ni wọ́n ń pè é: guìyú ni orúkọ ẹja odò náà, chòu ni pé ó ń rùn.

Òkè ló pọ̀ jù ní Huizhou àtijọ́, níbi tí Huangshan wà lónìí. Inú odò Yangtze, lápá Guichi àti Tongling, ni ẹja guìyú wọn ti ń wá. Àwọn aláàárù á kó o sínú àgbá onígi, wọ́n á gbé e gba orí òkè, ìrìn ọjọ́ méje sí mẹ́jọ. Kí wọ́n tó délé, òórùn ti gbòde. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n dín in, wọ́n fi sóyà sọ́ọ̀sì, atalẹ̀ àti aáyù sè é.

Ó dáa. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí tó wà nínú ìtàn kan náà: wọ́n ti wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i kí wọ́n tó gbéra, bí wọ́n bá sì dé ilé èrò lálẹ́, wọ́n á máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ta ló ń jí yí ẹja tó ti gbà pé yóò bàjẹ́? Wọ́n tún ní nígbà tó délé, abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì pupa, ìpẹ́ rẹ̀ ò sì ṣí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn lèmi náà kọ́kọ́ ń ṣí wò bí àwọn ọmọ Lokoja bá gbé kúlà dé. Ẹja tó bàjẹ́, abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á ti ṣú. Fọwọ́ kan ìpẹ́ rẹ̀, á tẹ̀lé ọ.

Ti iyọ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ oko ò tó wọn ní Huizhou, ọmọ ọdún 13, 14 ni wọ́n ti ń rán jáde lọ kọ́ òwò. Láyé ìjọba Ming àti Qing, iyọ̀ títà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi là, pàápàá ní Yangzhou. Àwọn yìí ni ká wá sọ pé wọn ò mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe fún ẹja? Èéfín làwọn ará Baga, lẹ́bàá adágún Chad, fi ń ṣe bánda, ẹja gbígbẹ wọn, kó tó lè dé ọ̀dọ̀ wa; mi ò tíì gbọ́ kẹ́nì kan pè é ní èèṣì.

Lóde òní, wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni: iyọ̀, àgbá, òkúta lórí, bí ọ̀sẹ̀ kan nínú ooru tí kò pọ̀ jù. Ẹja sísìn ni wọ́n sì ń lò, torí láti oṣù kìíní ọdún 2021 ni ìjọba Ṣáínà ti fòfin de ẹja pípa nínú Yangtze fún ọdún 10.

Oníbàárà mi yẹn bá mi mú ọ̀kan tí wọ́n dì sínú ọ̀rá bọ̀ nígbà tó lọ sinmi nílé. Baálé mi ṣí gbogbo fèrèsé. Ara ẹja náà le dáadáa, ó ń ṣí bí awẹ́ aáyù, egungun wẹ́wẹ́ ò pọ̀ nínú rẹ̀, inú páànù ni òórùn dúró sí jù. Mo fi ata rodo kún un. Nígbà tí oníbàárà mi gbọ́, ó ní mo ti ba nǹkan jẹ́.

Mo ní ká fi giwan ruwa, ẹja ńlá inú odò tiwa, dán an wò níbí. Ó ní ó tóbi ju àgbá lọ. Mo ní màá bá a wá kékeré, àmọ́ kó sanwó sílẹ̀ o, torí bó bá rùn tán tó ní òun ò rà mọ́, ta ni màá tà á fún?