Ẹ̀rọ Amúnáwá Onítọ̀ àti Ìṣirò Tí A Kò Bá Àwọn Ọmọ náà Ṣe

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, níbi ìpàtẹ Maker Faire Africa tí wọ́n ṣe ní Èkó, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin kan, tí mẹ́ta jẹ́ ọmọ ọdún 14 tí ẹnì kan sì jẹ́ ọmọ ọdún 15, gbé ẹ̀rọ amúnáwá kan jáde tí wọ́n ní ìtọ̀ ènìyàn ni ó ń fún un lágbára. Wọ́n ní lítà ìtọ̀ kan yóò mú iná wá fún wákàtí mẹ́fà. Kíá ni ìròyìn náà tàn ká ayé. Àwọn kan yìn wọ́n bí ẹni pé ìyà àìríná lò ti dópin, àwọn mìíràn tí wọ́n mọ̀ nípa sáyẹ́ǹsì sì bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ náà. Ó ń dùn mí títí di òní pé nínú gbogbo ariwo yẹn, àwọn tí ó fara balẹ̀ wo ohun tí àwọn ọmọ náà kọ́ kò pọ̀.

Ìtọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń wọ inú ohun èlò kan tí iná mànàmáná ń gbà kọjá, iná yìí ni ó sì ń yọ gáàsì háídrójìn jáde láti ara yúríà, èròjà kan tí ara ń tì jáde sínú ìtọ̀. Háídrójìn yóò gba inú omi kọjá kí ó lè mọ́, yóò wọ ṣílíńdà, láti ibẹ̀ ni yóò ti bọ́ sínú ṣílíńdà mìíràn tí borax olómi, èròjà oníyọ̀ kan, wà nínú rẹ̀ kí ọ̀rinrin ara gáàsì náà lè gbẹ, kí ó tó wá dé inú jẹnẹrétọ̀. Ohun tí ó wú mi lórí jù ni àwọn fáàfù tí wọ́n fi sójú ọ̀nà, èyí tí kì í jẹ́ kí gáàsì padà sẹ́yìn. Háídrójìn kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré: bí ó bá ti tó ìdá 4 nínú 100 afẹ́fẹ́, iná lè ràn án. Ọmọ ọdún 14 tí ó ti ro ti ewu yìí ti ń ronú bí ẹnjiníà.

Ìmọ̀ tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà kì í ṣe àlá rárá. Ní ọdún 2009, Gerardine Botte àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ohio University ní Amẹ́ríkà fi hàn pé a lè fi irin níkẹ́ẹ̀lì àti iná mànàmáná gba háídrójìn lára yúríà. Nínú ìwé, fóòtì (ìwọ̀n ipá tí ó ń ti iná mànàmáná) 0.37 ni a nílò láti gba háídrójìn lára yúríà, nígbà tí ti omi lásán jẹ́ 1.23.

Ìṣirò ni ó kù, mo sì máa ń ṣe é lójú pátákó pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì tí mo ń tọ́ sọ́nà. Bí lítà ìtọ̀ kan bá ní gíráàmù 20 yúríà, háídrójìn tí a lè rí níbẹ̀ kò ju gíráàmù 2 lọ. Agbára inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí wáàtì-wákàtí 67, ìyẹn agbára tí ó lè tan gílóòbù wáàtì 67 fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kékeré máa ń sọ ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára tí a bá fún un di ooru lásán, nítorí náà nǹkan bí 13 ni yóò kù. Bí a bá pín in sí wákàtí mẹ́fà, gílóòbù wáàtì 2 kan ṣoṣo ni ó lè tàn. Èyí tí ó wá le jù ni pé níkẹ́ẹ̀lì kì í ṣiṣẹ́ dáadáa ní fóòtì 0.37; ó máa ń fẹ́ tó 1.4, iná tí a ó sì lò láti yọ gíráàmù 2 yẹn yóò tó wáàtì-wákàtí 75. Ohun tí à ń fi sínú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ó ń jáde lọ.

Ìgbà tí a dé ibẹ̀ ni ọmọ kan bi mí pé, "Sà, ṣé kí a wá jáwọ́ níbẹ̀ ni?" Mo ní rárá, ìbéèrè ni kí a yí padà. Yúríà inú ìtọ̀ máa ń bá omi ìdọ̀tí ìlú lọ, bí ó bá sì ṣàn wọ inú ọ̀sà, ajílẹ̀ ni ó jẹ́ fún ewéko orí omi, irú èyí tí ó ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ ojú omi ní Èkó. Iná tí ó ń tú yúríà palẹ̀ ń sọ ọ́ di náítrójìn tí ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ láìpa ẹnikẹ́ni lára. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ fífọ omi mọ́ ni a gbé lé ẹ̀rọ náà lọ́wọ́, háídrójìn tí ó ń jáde di èrè lórí owó iná tí ìlú ìbá ná lórí omi náà lọ́nàkọnà. Lójú tèmi, ibi tí iṣẹ́ àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn ti níye lórí gan-an nìyẹn, ó sì yẹ kí àgbàlagbà kan ti jókòó tì wọ́n pẹ̀lú mítà méjì, ọ̀kan fún iná tí ó ń wọlé, ọ̀kan fún èyí tí ó ń jáde, kí oníròyìn kankan tó dé.

Ohun tí àwa ń lé báyìí ni àkókò. Bí ìtọ̀ bá pẹ́ nínú agolo, kòkòrò àìfojúrí a sọ yúríà rẹ̀ di amóníà, òórùn rẹ̀ a sì gba gbogbo yàrá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa fẹ́ mọ bí yúríà tí ó ṣẹ́ kù ṣe pọ̀ tó lẹ́yìn ọjọ́ kan, nínú oòrùn àti nínú ibòji, kí wọ́n tó ya àwòrán ẹ̀rọ kankan.